Ọsibítù Tí Kò Lórúkọ

Àwọn tó ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ ní Rye Lane, nílùú London, mọ bàbá òyìnbó yẹn lójú, wọn ò kàn mọ ẹni tí í ṣe ni. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló máa ń wà, fìlà onírun lórí rẹ̀ bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, Àsúmáù tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì máa tì í bọ̀ láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran, bàbá á ní kí ó dúró, á na ìka sí iye tí wọ́n kọ sára ẹran, á sì mi orí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tó ń gé ẹran níbẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín pé arúgbó ahun ti dé. Ẹ̀yin èèyàn Peckham, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa fi aṣọ díwọ̀n èèyàn! Ẹni tí ẹ ń pè ní ahun yẹn ti jókòó rí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè Ukraine, àwọn mínísítà sì ti dúró rí kí wọ́n gbọ́ ohun tí ó máa sọ nípa iye tí wọn yóò máa ta ọkà lọ́dún tó ń bọ̀.

Lukyan Horobets lorúkọ rẹ̀. Ó ní ológoṣẹ́ ni orúkọ kejì yẹn túmọ̀ sí. Ahọ́n Àsúmáù kò gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì, Daddy Luka ló ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ máa ń sọ. Ti bàbá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ti Àsúmáù náà ń tiro díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ra wọn yé ju ọ̀pọ̀ tọkọtaya lọ. Yorùbá la ó fi sọ ọ́ níhìn-ín.

Ọmọ Ìwó ni Àsúmáù, opó ni, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí àwọn tiwa ń pè ní care ló sì fi tọ́ Tẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, títí ọmọ náà fi di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó ti wẹ arúgbó tó pọ̀ ní Brixton, ní Deptford, ní Forest Hill. Àwọn kan ń bú u, àwọn kan ń fi abọ́ jù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rán an sí Daddy Luka, nínú fúláàtì kékeré kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Peckham, ó délé ó sọ fún Tẹniọlá pé òun ti rí bàbá.

Ọmọ àgbẹ̀ ni bàbá yìí, láti abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Mykolaiv. Orí rẹ̀ pé sí ìṣirò, ìjọba sì rán an lọ sí yunifásítì, ó di onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Nígbà náà, ìjọba kọ́múnísì ló ni ohun gbogbo. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kí ó máa ṣírò ọkà tí agbègbè wọn ń kó jáde. Bí òjò bá kọ̀ tí ọkà ò ṣe dáadáa, ọ̀gá rẹ̀ á ní kí ó kọ ọ́ pé ó ṣe dáadáa. Ó ń kọ ọ́, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ó sọ fún Àsúmáù pé ebi ń pa ìyá òun sùn lábúlé tí òun ń kọ pé oúnjẹ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

"Láti ìgbà yẹn," ni bàbá wí, "kò sí ohun tí inú mi kórìíra tó irọ́ tí wọ́n fi ṣúgà sí."

Nígbà tí ìjọba yẹn dojú dé, owó oṣù dáwọ́ dúró, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé wá di ẹni tó ń ta bàtà lójú títì nínú òtútù. Kò pẹ́ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì para pọ̀ ra ọ̀kan tó ti dípẹtà, níbi tí wọ́n ti ń fún òróró láti inú irúgbìn òdòdó ńlá kan tó máa ń yí ojú tẹ̀lé oòrùn. Ibí yìí ni Àsúmáù fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, nítorí àdín ni ìyá tirẹ̀ ń ṣe ní Ìwó. Bàbá á bi í bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀kùrọ́, ohun tí wọ́n ń fi èérí rẹ̀ ṣe, àti ìdí tí òórùn àdín kì í fi kúrò lára aṣọ. Wọ́n á máa jiyàn lórí èyí tó dára jù nínú òróró méjèèjì títí omi tíì á fi tutù. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo London tó tíì bi Àsúmáù léèrè nípa iṣẹ́ ìyá rẹ̀ rí.

Ilé iṣẹ́ òróró yẹn gbèrú. Aráàlú rí i pé ẹni tó bá lè san owó òṣìṣẹ́ láìfi falẹ̀ lè ṣojú àwọn pẹ̀lú, ni wọ́n bá dìbò fún un. Wọ́n tún dìbò fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọdún ìdìbò kan ni ìkòkò irin ńlá kan bú gbàmù nílé iṣẹ́ ṣúgà ti alágbára kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kú síbẹ̀. Ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí náà wọ́n gbé òkú pamọ́, wọ́n sì sọ fún àwọn ìyàwó pé ọkọ wọn farapa díẹ̀ ni, pé wọ́n wà ní ọsibítù ní ìlú mìíràn. Àwọn obìnrin náà se oúnjẹ sínú abọ́, wọ́n di aṣọ ìpààrọ̀, wọ́n wá sílé Lukyan tí í ṣe aṣojú wọn. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi í: ìlú wo? Ó bi àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ ìlú náà.

Ó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó dìde, ó sì pe orúkọ àwọn òkú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn pẹ̀lú ti bàbá wọn, bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn nílẹ̀ wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò ní ṣeréṣeré. Wọ́n pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn lẹ́nu, kò dákẹ́. Kí ọdún tó yí po, ẹgbẹ́ ti lé e, wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ òróró pa, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń jẹun nílé rẹ̀ sì ń gba òdì kejì títì kọjá bí wọ́n bá rí i. Ìyàwó rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ogun dé, bọ́ǹbù bọ́ sórí ilé rẹ̀. Ó bá àwọn tó ń sá wá sí London, ìdílé òyìnbó kan gbà á sílé fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kánsù fún un ní fúláàtì yẹn. Andriy, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, wọ aṣọ ológun, ó sì dúró sílé.

Àsúmáù ti gbọ́ ìtàn yìí títí tó fi lè bá a sọ ọ́. Ó máa ń pòṣé sí àwọn tó gbé òkú pamọ́ yẹn. "Ìkà ò dáa, Daddy," ni yóò wí, á sì máa fi ìpara ra ẹsẹ̀ arúgbó náà. Ó ń gbọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ìròyìn ìlú tí a ò ní dé láéláé.

Ọjọ́ Àìkú ni àwọn méjèèjì máa ń dúró dè. Ọjọ́ náà ni Andriy máa ń pe bàbá rẹ̀. Etí bàbá ti di, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, Àsúmáù ló máa ń di fóònù mú, Andriy á kọ́kọ́ kí i, "Mama Suma," kó tó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí Àsúmáù bá délé tirẹ̀ lọ́sàn-án, òun náà á pe Ìwó. Bọ̀dá Hamid, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló ń pè. Bàbá wọn tètè kú, Bọ̀dá Hamid ló fi iṣẹ́ bíríkìlà rán an níléèwé, òun náà ló ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní kí àbúrò rẹ̀ lè wọ bàálù. Láti ìgbà àwẹ̀ ni ara Bọ̀dá kò ti yá. Kánsọ́lá ọmọ rẹ̀ ló ń gbé fóònù báyìí, ohun kan náà ló sì máa ń sọ: Bàbá wa ń sùn, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà ní kí wọ́n sinmi. Àsúmáù á ní kó kí wọn tí wọ́n bá jí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá jẹun àárọ̀ tán, ó sùn lọ lórí àga. Fóònù rẹ̀ dún lápò Àsúmáù. Oksana ni, ìyàwó Andriy, ojú rẹ̀ sì ti wú. Ó ní Andriy ti kú. Wọ́n pa á lójú ogun.

"Mi ò lè sọ ọ́ fún bàbá lórí fóònù," ni Oksana wí. "Etí rẹ̀ ti di. Ṣé kí n máa pariwo irú ọ̀rọ̀ yìí ni? Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o sọ fún un fún mi. Ọ̀sán Sátidé la máa sin ín. Màá pè, màá gbé fóònù sókè níbi sàréè, kí bàbá lè rí i, kó dágbére fún un. Jọ̀ọ́."

Àsúmáù ní, "Màá ṣe é, ọmọ mi." Ta ni í sọ pé rárá fún ẹni tó ń sunkún?

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo bàbá tó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, èérún búrẹ́dì lórí àyà rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an. Nílé wa, a kì í la irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ bàbá lórí. Orí fífọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Tó bá yá, a ó ní àìsàn náà le díẹ̀. Nígbà tí ọkàn ẹni náà bá ti ń fura, àwọn àgbà á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á béèrè bí ilé ṣe wà, kí wọ́n tó sọ ọ́. Nígbà náà, ilẹ̀ á ti bo òkú. Kí bàbá wá fojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti ń kó yẹ̀pẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí, inú fóònù tún ni? Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹni tí ọmọ ṣíwájú rẹ̀ lọ, wọn kì í jẹ́ kó dé ìdí sàréè. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Àsúmáù nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán kí Alhaji Làtíìfù, àgbà mọ́ṣáláṣí wọn, tó kó èèyàn wá bá a ní Peckham. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń sọ ọ́ látìgbà náà pé òun dúpẹ́.

Nígbà tí bàbá jí, ó béèrè ẹni tó pè. Àsúmáù ní àwọn agency tó rán òun níṣẹ́ ni.

Ó délé, ó sọ fún Tẹniọlá. Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mummy, wait. Ẹ ò tíì sọ fún un?"

"A máa sọ fún un. Tí wọ́n bá sin ín tán."

"Kí ló dé? Ìyàwó ọmọ ẹ̀ specifically ní kẹ́ ẹ sọ fún un, kó lè see the funeral. You can't just air her like that, Mummy, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni pé kò pè."

"Ṣé o fẹ́ kí n pa bàbá olóbàbá ni? Arúgbó tí kò lè dìde láìdi tábìlì mú?"

"Ọmọ ẹ̀ ni. He's got a right."

"Right, right! Òyìnbó ti jẹ yín lọ́pọlọ tán. Tó bá ṣubú, ṣé right ló máa gbé e dìde?"

Tẹniọlá ti abọ́ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "When Grandma died, ẹ ò jáde ní room yín for like a month. Ẹ máa ń sọ pé ẹ dúpẹ́. I was there, Mummy. Ẹ ò dúpẹ́."

Àsúmáù ní kó lọ fọ abọ́.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó lọ bá Alhaji Làtíìfù níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà. Alhaji gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí.

"O ṣe dáadáa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Jẹ́ kí wọ́n sin ọmọ náà. Mọ́ńdè, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Asr, èmi àti Alfa Abdulqoyyum á wá jókòó ti bàbá, a ó sọ ọ́ fún un bí àgbà ṣe ń sọ ọ́."

"Onígbàgbọ́ ni, Alhaji. Òyìnbó tún ni."

"Ṣé òyìnbó kì í bímọ ni?"

Ọkàn Àsúmáù balẹ̀. Nígbà tí àgbà bá ti ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ó ti di ti gbogbo ìlú nìyẹn, kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó pa fóònù bàbá, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, ó da aṣọ ìnuwọ́ lé e. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a máa tan ara wa, kò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ o. Ó wọ bàbá ní kóòtù, ó tì í lọ sí pápá Peckham Rye. Oòrùn yọ díẹ̀. Wọ́n ra áíìsì kíríìmù, ó sì kán sí bàbá lórí irùngbọ̀n. Ajá kan bẹ́ sínú omi lẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ, ó jáde lófo, ó wá gbọn gbogbo ara rẹ̀ sí wọn lórí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ìgbà tí Àsúmáù ti mọ̀ ọ́n, kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

"Andriy gbé irú ajá yìí pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tó wà ní kékeré," ni bàbá wí. "Òjò dídì ń bọ́, ìyá rẹ̀ ní kí ajá má wọlé. Gbogbo wa là ń gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń gbó. Lọ́la tó bá pè, rán mi létí kí n sọ ti ajá yìí fún un."

Àsúmáù ní òun á rán an létí. Ó fi áńkáṣíìfù nu áíìsì kíríìmù kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ukraine lọ́hùn-ún, wọ́n ń sọ Andriy kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó tan fóònù, Oksana ti pè é títí ó fi sú u. Àsúmáù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè é padà, ó sì purọ́ pé ara bàbá kò le, kò lè wò ó. Oksana ní, "Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ wò ó?" Àsúmáù ní network ti ń bàjẹ́. Bí irọ́ ṣe ń bímọ nìyẹn, kì í dá gbé.

Nínú ilé, bàbá ti fá irùngbọ̀n, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó ti tábìlì, ó ń dúró de ìpè. Ọ̀sán pọ́n, ìpè kò wá. "Ojú ogun ni, Daddy," ni Àsúmáù wí, "network lè má dáa." Bàbá ṣì ń wo fóònù. Kò jẹun ọ̀sán.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí Àsúmáù ṣílẹ̀kùn wọlé, bàbá ti wọ kóòtù dúdú tó máa ń sọ pé òun wọ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀. Ta ló bá a wọ̀ ọ́? Ó dá wọ̀ ọ́ ni. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò bára mu. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó sì ti pa tẹlifíṣọ̀n.

"Suma, kí ló ṣe ọmọ mi?"

Ìrun Asr ṣì jìnnà. Alhaji Làtíìfù ṣì wà nílé wọn. Àsúmáù ronú pé kí òun kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí àwọn àgbà lè wá parí rẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dààmú, Daddy. Wọ́n ní ó farapa díẹ̀ ni. Ó wà ní ọsibítù, ní ìlú mìíràn."

Ó ti sọ ọ́ jáde tán kó tó gbọ́ ohun tí ó sọ. Ojú bàbá ò kúrò lójú rẹ̀.

"Ìlú wo?"

Àsúmáù ya ẹnu, kò rí ìlú kankan fi sí i. Gbogbo ìtàn tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá bá a nínú yàrá náà, àwọn obìnrin tó gbé oúnjẹ sínú abọ́, tí wọ́n di aṣọ ìpààrọ̀.

"Daddy," ló wí, "ẹ ti jẹun?"

Bàbá mi orí. Kò pariwo. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti sin ín?"

Àsúmáù kúnlẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́.

"Ọjọ́ wo?"

"Sátidé."

"Sátidé." Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Sátidé tí ajá yẹn gbọn omi sí wa lára."

Àsúmáù fi ọwọ́ bo ojú.

"Oksana kò pè ni?"

"Ó pè. Ó fẹ́ kí ẹ rí i. Èmi ni mo pa fóònù. Daddy, ní ilẹ̀ wa, bàbá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Àánú yín ló ṣe mí. Mo fi Ọlọ́run búra, àánú yín ni."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Àwọn tó ń kọ irọ́ ọkà náà, àánú ìlú ló ń ṣe wọ́n."

Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Àsúmáù sáré dìde kó dì í mú, bàbá sì wò ó lójú tó fi dúró níbi tó wà. Arúgbó yẹn dìde fúnra rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, tábìlì náà ń gbọ̀n, ife tíì ń dún nínú àwo rẹ̀. Ó nàró tán, ó kọjú sí ògiri bí ẹni pé èrò kún iwájú rẹ̀, ó sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè, pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nílẹ̀ wọn:

"Andriy Lukyanovych Horobets."

Ó ṣubú padà sórí àga. Nígbà tí Àsúmáù gbé omi wá, kò gbà á.

"O máa ń sọ pé o fẹ́ràn ìtàn mi," ló wí. "Mo rò pé o ń gbọ́ ọ ni. Máa lọ sílé, Suma. Má wá mọ́."

Lẹ́yìn ìrun Asr, Alhaji Làtíìfù àti Alfa Abdulqoyyum dé pẹ̀lú ẹ̀wù ńlá wọn, wọ́n gbé èso sínú ọ̀rá lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti já. Wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n ké sí i. Àwọn ará ilé náà ń yọjú wò wọ́n láti òkè. Bàbá kò ṣílẹ̀kùn. Alhaji ṣe àdúà lójú ọ̀nà, wọ́n fi èso sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì lọ sílé. Àgbà méjì tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ń tu ọlọ́fọ̀ nínú ni, wọn ò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Àwọn agency pe Àsúmáù lọ́jọ́ kejì pé bàbá ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n bi í bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bàbá kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, òun náà kò sì sọ. Wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Forest Hill tó ń pè é ní orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bó bá ń lọ, tí ọkọ̀ ojú irin bá gba ẹ̀yìn ilé bàbá kọjá, yóò wo fèrèsé náà. Kọ́tìnnì ti bò ó.

Ó ka Kùránì, kò wọ̀ ọ́ létí. Ó se oúnjẹ, ó fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Tẹniọlá kò sọ pé mo sọ fún yín, ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ ni. Inú Àsúmáù bàjẹ́ nítorí bàbá, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nísàlẹ̀ ìbànújẹ́ yẹn tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ìbéèrè bàbá kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá ń fọ abọ́, ó ń gbọ́ ọ. Bó bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń gbọ́ ọ. Ìlú wo? Ìlú wo?

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó pe Ìwó. Kánsọ́lá ló gbé e.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kánsọ́lá, bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà o, Àǹtí. Wọ́n ń sùn ni. Dókítà ní kí wọ́n sinmi."

Ohun tí wọ́n ń sọ láti ìgbà àwẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré kan náà ní ìparí rẹ̀. Àsúmáù mọ ẹ̀rín yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti rín in ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, bó ṣe gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Kánsọ́lá."

"Mà?"

"Ọsibítù wo?"

Ó ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké nínú àgbàlá lọ́hùn-ún. Ó ń gbọ́ tí ọmọ náà ń mí.

"Àǹtí," ni Kánsọ́lá wí níkẹyìn, "ẹ ti jẹun?"

Àsúmáù di fóònù mọ́ etí.

"Tẹniọlá ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ó wà nítòsí yín?"